Owó Epo Dé Stockbridge

Ìgbájú kejì ló gbé Ṣìkẹ́mi lulẹ̀. Fóònù fò lọ́wọ́ rẹ̀, ó yọ̀ wọ abẹ́ àga. Kó tó dìde, Olúṣọlá ọkọ rẹ̀ ti fi bàtà iṣẹ́ tẹ ọrùn ọwọ́ òsì rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ó gbọ́ bí egungun ṣe dún. Nọ́ọ̀sì ni, kò sẹ́ni tó máa sọ fún un pé ó ti kán.

"Tún un sọ," ni Olúṣọlá wí. "Sọ pé o ò ní fiṣẹ́ sílẹ̀."

Ohun tó fa ìjà ò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Tírélà ni Olúṣọlá ń wà ní Texas, níbi tí wọ́n ti ń wa epo rọ̀bì. Epo ti sọ ìlú eléruku yẹn di ìlú olówó. Àwọn tó ń ta búrẹ́dì pàápàá ń kọ́lé. Ó ti ra ilé síbẹ̀, ó wá sílé wọn ní Stockbridge, ó ní kí ìyàwó òun fi ọsibítù sílẹ̀ kó bá òun lọ. Ṣìkẹ́mi kọ̀. Ó mọ̀ pé tóun bá tẹ̀lé e dé ibi tóun ò ti lẹ́nì kankan, òkú òun ni wọ́n máa gbé bọ̀.

Àwọn èèyàn ní owó ló sọ Olúṣọlá dà bẹ́ẹ̀. Irọ́ ni. Owó kàn gba ìbẹ̀rù lọ́wọ́ rẹ̀ ni.

Lọ́dún tó kọjá, nígbà tó lù ú tí ètè rẹ̀ fi ya, Ṣìkẹ́mi fẹ́ pe ọlọ́pàá, àmọ́ ó rántí pé a kì í ti kóòtù bọ̀ ṣọ̀rẹ́. Aunty Joanna, ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀ tó wà ní Morrow nítòsí, ló pè. Aunty bá àwọn méjèèjì wí, ó gbàdúrà, ó lọ. Owó epo ló ṣí ṣọ́ọ̀bù Aunty, ẹni tó bá sì jẹ dòdò kì í lè sọ òdodo.

Lọ́tẹ̀ yìí, Olúṣọlá fúnra rẹ̀ ló ti ránṣẹ́ pè é kí ìjà tó bẹ̀rẹ̀, pé kó wá kìlọ̀ fún ìyàwó òun. Aunty wọlé, ó rí ẹ̀jẹ̀ ẹnu Ṣìkẹ́mi nílẹ̀, ó yà á kọjá, ó jókòó.

"Aunty, ọwọ́ mi ti kán," ni Ṣìkẹ́mi wí.

Aunty wo ọwọ́ náà. Ó wo àbúrò rẹ̀.

"Ṣìkẹ́mi, ẹni tó ń bọ́ gbogbo wa nìyí. Kúnlẹ̀, kó o bẹ̀ ẹ́. Tó bá ti rọlẹ̀, a máa gbé ẹ lọ sí emergency. A máa sọ pé o ṣubú lórí stairs."

Ṣìkẹ́mi gbé ọwọ́ tó kán náà mọ́ àyà, ó sún mọ́ ọkọ rẹ̀. Ó kúnlẹ̀. Olúṣọlá jókòó, ó fara ti àga, ó dijú, ó ń retí ẹ̀bẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ dorí kodò bí ẹni tó mọ ẹ̀bẹ̀ í bẹ̀, ó na ọwọ́ ọ̀tún sábẹ́ àga, ó rí fóònù, ó pe ọlọ́pàá. Ó sọ àdírẹ́sì ilé wọn ní kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. Ó wá gbóhùn sókè, ó ní ọkọ òun ti kán òun lọ́wọ́, pé ẹlẹ́rìí wà nílé, Joanna Adédìran lorúkọ rẹ̀.

Olúṣọlá fò dìde pẹ̀lú ẹ̀ṣẹ́. Aunty Joanna ló dí i lọ́nà.

"Ṣọlá, má fọwọ́ kàn án mọ́," ló wí. "Wọ́n ti mọ̀ pé mo wà níbí."

Ṣìkẹ́mi wà lórí ìkúnlẹ̀ bẹ́ẹ̀, kò fi fóònù sílẹ̀.