Ọsàn Mẹ́rìnlá, Ọ̀rá Mẹ́rìnlá

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bá mi sọ̀rọ̀ ọ̀rá. Orí mi á gbóná. Èmi Argia, tí gbogbo ìlú Lugo ní Ítálì mọ̀ pé n kì í gba ìyànjẹ, ọ̀rá ló sọ mí di ẹni yẹ̀yẹ́ nínú súpámákẹ́ẹ̀tì.

Ọjọ́ kìíní ọdún ni òfin náà bẹ̀rẹ̀. Ọ̀rá fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí a ń fà ya lọ́fẹ̀ẹ́ láti fi kó èso, wọ́n ní ó ti di sẹ́ńtì méjì lọ́kọ̀ọ̀kan. O ò sì gbọdọ̀ mú tilé wá, wọ́n ní ìdọ̀tí wà lára rẹ̀. Ṣé ẹ rí ayé? Sẹ́ńtì méjì kò lè pa èèyàn, mo mọ̀. Bó bá jábọ́ lójú títì, n kò ní bẹ̀rẹ̀ mú un. Ṣùgbọ́n ìrẹ́jẹ ni, èmi àti ìrẹ́jẹ kò sì jọ ń gbé.

Ní ṣọ́ọ̀bù Loredana tó ń ṣe irun wa, kò sí ọ̀rọ̀ mìíràn. Ibẹ̀ ni mo ti búra lójú gbogbo wọn, tòun ti ìpara irun lórí mi, pé n kò ní sanwó ọ̀rá láéláé. Norina, àna mi, ìyá Milena, ìyàwó Ivano ọmọ mi, jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi.

Ó ní, "Ìyá Ivano, ẹnu lásán ni. Ẹ ó san án."

"Èmi kẹ̀? Ìyá Milena, ẹ̀yin lẹ máa kọ́kọ́ san án!"

Loredana dá sí i. "Ẹ ta tẹ́tẹ́. Kí lẹ máa fi lélẹ̀?"

Kí n tó ronú, ọ̀rọ̀ ti bọ́ lẹ́nu mi. "Oúnjẹ ọ̀sán ọjọ́ Befana! Ẹni tó bá kọ́kọ́ sanwó ọ̀rá, ilé ẹnì kejì la ti máa jẹun."

Gbogbo ṣọ́ọ̀bù yíjú wò mí. Wọ́n mọ ohun tí mo fi lélẹ̀. Ivano, ọmọ kan ṣoṣo tí mo bí, ń wa ọkọ̀ akẹ́rù ní Jámánì. Ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún ni òun àti Milena ń wálé, ọjọ́ ọdún Befana, ọjọ́ kẹfà oṣù kìíní, ilẹ̀ ọjọ́ kejì á mọ́, wọ́n ti lọ. Abọ́ kapeleti kan, ìyẹ̀fun kíká tí a di wàràkàṣì sínú rẹ̀, nínú omi ẹran adìẹ, òun nìkan ni ìyá lè fi di ọmọ rẹ̀ mú lọ́dún. Ọdọọdún lèmi àti Norina ń fìjà pín oúnjẹ yẹn. Norina ní òun gbà. Ó tilẹ̀ gbà kíákíá.

Mo wá dá ọgbọ́n kan. Ní súpámákẹ́ẹ̀tì wa, fúnra ẹni la ń wọn èso: wàá gbé e lé òṣùwọ̀n, wàá tẹ nọ́ńbà, bébà pélébé tó ní iye owó á jáde, wàá lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọ̀rá. Mo ní, ta ló sọ pé dandan ni kó jẹ́ ọ̀rá? Mo gbé ọsàn kan lé e, mo tẹ nọ́ńbà, mo lẹ bébà mọ́ ọsàn lára. Mo mú òmíràn. Mo tún mú òmíràn. Àwọn èèyàn tò sẹ́yìn mi.

Bàbá kan pariwo, "Mama, ṣé gbogbo oko ọsàn lẹ fẹ́ wọ̀n ni?"

"Bẹ́ ẹ bá ń kánjú, ẹ lọ ra ọ̀rá, ẹrú ìjọba!"

Àwọn kan pàtẹ́wọ́. Obìnrin kan tiẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fi àlùbọ́sà ṣe bíi tèmi. Inú mi dùn, orí mi wú.

Bí mo ṣe wo ibi tí wọ́n ti ń sanwó, ta ni mo rí? Norina! Ọ̀rá ló wà lọ́wọ́ rẹ̀, èso píà kún inú rẹ̀, kò sì fi pamọ́. Ó kù díẹ̀ kó kàn án. Mo sáré, mo gba iwájú rẹ̀ wọlé.

"Ìyá Ivano, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ san tèmi."

"Kò jọ ọ́! Iwájú ni mo fẹ́ wà, kí n lè yíjú padà wò yín dáadáa."

"Mo bẹ̀ yín, ẹsẹ̀ ń ro mí."

"Ẹ fi ọ̀kan dúró, kẹ́ ẹ fi ìkejì sinmi."

Mo to ọsàn mẹ́rìnlá síwájú Catia, ọmọbìnrin tó ń gbowó. Ó ń fi wọ́n kọjá lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹ̀rọ ń ké pí, pí, pí. Mo sanwó. Ó fún mi ní rìsíìtì, ó wá ń wò mí tìyanutìyanu.

"Mama Argia, ọ̀rá mẹ́rìnlá yín dà?"

"Ọ̀rá wo? Ṣé o rí ọ̀rá lára mi?"

"Ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ sanwó rẹ̀ ni. Gbogbo ìgbà tí bébà bá jáde, ẹ̀rọ ti ka ọ̀rá kan mọ́ ọn. Ẹ̀ẹ̀mẹrìnlá lẹ tẹ̀ ẹ́."

Yéè! Bàbá oníkánjú yẹn rẹ́rìn-ín títí ó fi di ògiri mú. Obìnrin alálùbọ́sà sá padà sídìí òṣùwọ̀n. Norina nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ojú rẹ̀ funfun bí ìyẹ̀fun. Mo rò pé ayọ̀ ló gba ohùn lẹ́nu rẹ̀.

Mo ní, "Ẹ máa yọ̀!" Mo gba ọ̀rá mẹ́rẹ̀ẹ̀rìnlá, mo sì jáde. Nígbà tí mo délé, mo sunkún. Ó di ọdún kan gbáko kí ọmọ mi tó tún jókòó sídìí tábìlì mi.

Ní kùtù ọjọ́ Befana, ẹnì kan kan ilẹ̀kùn ẹ̀yìn mi. Norina ni, ó fi ìborùn bojú bí olè.

"Ìyá Ivano, ẹ gbà mí. N kò mọ kapeleti í ṣe."

"Ẹ̀yin kẹ̀? Èyí tí mo ti ń jẹ nílé yín ńkọ́?"

"Deanna, ìyá tó ń gbé òkè ilé mi, ló máa ń ṣe é fún mi. Ó ti kó lọ sọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀ ní ìlú Bologna. Milena gan-an kò mọ̀. Kí lẹ rò pé mo fẹ́ fi ọ̀rá píà yẹn ṣe? Mo fẹ́ kẹ́ ẹ rí mi níbi tí mo ti ń sanwó, kí n lè pàdánù ni! Ẹ̀yin lẹ gba iwájú mi!"

N kò mọ̀ bóyá kí n rẹ́rìn-ín ni tàbí kí n lé e jáde. Mo ní, "Kí lẹ wá fẹ́ fún wọn jẹ?"

"Èyí tó wà nínú fíríìsà, ti súpámákẹ́ẹ̀tì."

"Èèwọ̀! Kí ọmọ mi wakọ̀ láti Jámánì wá jẹ yìnyín?"

Mo wọ ẹ̀wù òtútù lé aṣọ oorun, mo tẹ̀ lé e lọ sílé rẹ̀ kí àwọn ọmọ tó dé. Mo po ìyẹ̀fun, mo nà án, mo di wàràkàṣì sínú rẹ̀, mo ká a. Norina ní òun á ràn mí lọ́wọ́. Èyí tó ká dà bí etí àgùntàn. Mo ní kó lọ jókòó. Nígbà tí mo ṣe tán, mo gba ẹ̀yìn jáde, mo lọ wẹ̀, mo wọ aṣọ tó dáa, mo so yẹtí, mo wá gba iwájú wọlé bí àlejò.

Norina ní, "Ẹ káàbọ̀ o, Ìyá Ivano!"

Mo ní, "Ẹ kú ilé o. Oúnjẹ yín ń ta sánsán."

Ivano bu ṣíbí kan sẹ́nu, ó di ojú. Ó jẹ abọ́ kan tán, ó bu ìkejì. Ó wá gbé ṣíbí sílẹ̀, ó di ọwọ́ mi mú lórí tábìlì.

"Mama, ẹ má bínú sí mi o. Òótọ́ ni mo fẹ́ sọ. Ti Mama Norina dùn ju tiyín lọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ lọ kọ́ ọ lọ́dọ̀ wọn."

Èsì mẹ́wàá ló sáré wá sẹ́nu mi. Mo wo Norina. Etí rẹ̀ ti pọ́n, ó ń wo abọ́ rẹ̀. Mo wo ọmọ mi, ọbẹ̀ wà ní àgbọ̀n rẹ̀, ó ń bu ìkẹta. Inú ń bí mi, inú mi sì dùn, àwọn méjèèjì ń ta kàn-ń-gbọ̀n nínú mi.

Mo ní, "Ó dáa. N óò lọ kọ́ ọ."

Mo wá fi gìgísẹ̀ bàtà mi tẹ ẹsẹ̀ Norina mọ́lẹ̀ lábẹ́ tábìlì, mo tẹ̀ ẹ́ dáadáa. Kò fà á kúrò.