Ẹ́ńjìnnì Tuntun Nínú Ọkọ̀ Bàbá Wa

Abẹ́ imọ̀ ọ̀pẹ ni wọ́n fi ẹ́ńjìnnì náà pamọ́ sí nígbà tí wọ́n ń gbé e wọ àgbàlá wa ní ìlú Suweki. Ẹ̀gbọ́n mi, Mundiri, ká aṣọ kúrò lórí rẹ̀ bí ẹni ń ṣí ojú ọmọ tuntun. Lójú tèmi, ó dà bí ẹranko tó ń díbọ́n pé òun ń sùn. Ẹ̀rọ kan wà lórí rẹ̀ tó ń fi ipá fẹ́ atẹ́gùn sínú rẹ̀, èyí ló ń sọ agbára rẹ̀ di ìlọ́po.

Inú ọkọ̀ Kápírísì funfun tí bàbá wa fi sílẹ̀ kí wọ́n tó kú ni wọ́n fẹ́ gbé e sí, ọkọ̀ àgbà tí ọ̀dà rẹ̀ ti ṣá. Ohunkóhun kò gbọdọ̀ yí padà lára rẹ̀ lóde. Mundiri fẹ́ wà á lọ sí ọ̀nà tààrà ẹ̀yìn oko dàbínù, níbi tí àwọn ọ̀dọ́kùnrin ti ń bá ara wọn sáré. Nabahani tó ni ọkọ̀ pupa yóò kọ́kọ́ fi í ṣe yẹ̀yẹ́, lẹ́yìn náà yóò jẹ eruku ẹ̀yìn rẹ̀. Ibi tí ọ̀nà náà parí sí, àpáta odò gbígbẹ ni.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, mo gbé kọfí jáde fún wọn. Kalifani, ọ̀rẹ́ Mundiri tó jẹ́ mẹkáníìkì, fẹ̀yìn lélẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà, ó ń fi tépù wọn inú rìmù.

"Búréèkì ńlá kò lè wọ inú rìmù kékeré yìí," ló wí. "Rìmù ńlá la máa rà."

"Kí gbogbo ayé lè mọ̀? Rìmù ńlá lára ọkọ̀ arúgbó! Ṣe bí ìgbà tí màmá àgbà wọ bàtà bọ́ọ̀lù ni."

"Èyí tó wà níbẹ̀ kò lè dá ẹ́ńjìnnì yẹn dúró o, Mundiri."

"Màá tètè tẹ̀ ẹ́."

"Òkúta kì í yà fún èèyàn."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Mo gbé ife kọfí sílẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ra èyí tó máa dúró."

"Suwena, padà sídìí ìwé ìtàn ẹ."

Wọn ò tíì yọ ẹ́ńjìnnì àtijọ́, torí ọkọ̀ náà la fi ń gbé Màmá lọ sí ilé ìwòsàn. Bí a ṣe ń lọ lọ́jọ́ kejì, ràkúnmí kan ṣàdédé bọ́ sójú títì. Mundiri tẹ búréèkì mọ́lẹ̀. Ọkọ̀ ń fà, ó ń fà, táyà ń ké. Itan ràkúnmí ti kún gbogbo gíláàsì iwájú kó tó dúró. Màmá di ọwọ́ mi mú, ọwọ́ wọn tutù nini. Ẹ́ńjìnnì àtijọ́ tó ń mí hẹlẹ bí arúgbó mà lèyí o!

"Ẹ rí i bí?" ni mo wí.

"Ṣé kò dúró ni?" Ó ń rẹ́rìn-ín, àmọ́ kò tíì gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí búréèkì.

Mo rò ó títí: àṣírí yìí nìkan ni kò jẹ́ kó ra rìmù ńlá. Bí àṣírí bá tú, ẹ̀gbọ́n mi lè yè.

Láàárọ̀, nígbà tí àwọn obìnrin àdúgbò pé jọ sídìí kọfí, mo jókòó ti Àǹtí Ṣamsa, àbúrò bàbá wa.

"Àǹtí, ẹ má sọ fún ẹnì kankan o."

"Èmi Ṣamsa? Inú mi jìn bíi kànga. Sọ ọ́ kíá, ọmọ mi, kí kọfí tó tutù."

Mo sọ ọ́.

Kí wọ́n tó pe ìrun àlàásárì, àwọn ọ̀dọ́kùnrin ti kún ẹnu ọ̀nà wa. Nabahani yọ orí láti inú ọkọ̀ pupa rẹ̀: "Mundiri! Wọ́n ní arúgbó yín ti gba ọkàn ọmọdé! Jẹ́ ká rí i jàre!"

Ẹ̀gbọ́n mi wọlé. Kò pariwo, ìyẹn ló dẹ́rù bà mí jù.

"Ta ló sọ ọ́?"

"Èmi ni."

Ó yí padà, ó sì jáde. Láti ọjọ́ náà, kò pe orúkọ mi mọ́. Bí mo bá gbé oúnjẹ sílẹ̀, ó di ìgbà tí Màmá bá gbé e fún un kó tó jẹ.

Àmọ́ mo gbọ́ ohun tó sọ fún Kalifani ní àgbàlá: "Gbogbo Suweki ti mọ̀. Kí la tún ń fi pamọ́? Lọ ra rìmù ńlá."

Ẹ̀yìn fèrèsé ni mo dúró sí nígbà tí Kalifani de búréèkì ńlá àti rìmù ńlá mọ́ ọkọ̀ náà, tó sì fi ọwọ́ yí táyà. Ó yí, kò ha ohunkóhun. Mo mí kanlẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ṣéènì gbé ẹ́ńjìnnì tuntun náà sókè. Òjìji rẹ̀ rọra rìn kọjá lára ògiri, mo sì tún rántí àpáta tó wà ní òpin ọ̀nà náà.