Àlìkámà Stratis

Láti ọjọ́ tí òkun ti gbé Stratis lọ ni ìyá rẹ̀, Garifalia, ti ń bá gbogbo ará erékùṣù Sími jà. Ẹni tó bá ti ní kí Ọlọ́run forí ji ọmọ rẹ̀, bí wọ́n ṣe ń wí fún òkú, ìjà dé nìyẹn. Àwọn àlejò ni Stratis ń fi ọkọ̀ gbé lọ wo àpáta ẹ̀yìn erékùṣù lọ́jọ́ náà. Ìjì dé, orí kó àwọn àlejò yọ, kò kó òun yọ. Wọn kò rí òkú rẹ̀, ìyá kò sì gbà pé ó kú.

Ọdún mẹ́ta kọjá kó tó rẹ̀ ẹ́. Nígbà tí Sátidé àwọn òkú dé, ọjọ́ tí wọ́n ń se àlìkámà lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì nítorí òkú, ó se tirẹ̀, ó po èso àjàrà gbígbẹ mọ́ ọn, ó tẹ́ ẹ sínú tíréè, ó fi ṣúgà funfun bò ó. Ó kù kó fi èso álímọ́ńdì to àgbélébùú àti orúkọ sórí rẹ̀, kó sì gbé e lọ fún àlùfáà, kí gbogbo ẹni tó bá jẹ ńbẹ̀ lè ní kí Ọlọ́run forí ji òkú náà. Ibẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ ti kọ̀. Ó kó álímọ́ńdì sápò, ó bọ́ síta lọ sunkún.

Argiro, ìyàwó Stratis, tí Garifalia ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni pè ní opó, ló ń gba àlejò sílé wọn báyìí, àwọn tó ń wá wo odi àtijọ́, tí wọ́n ń wá jẹ edé, tí wọ́n sì ń ya fọ́tò èbúté. Ó bá tíréè lórí tábìlì. Àlìkámà tí kò ní àgbélébùú, oúnjẹ ọdún ni lọ́dọ̀ wọn. Ta ló sì máa rò pé Garifalia lè se ti òkú? Ó bù ú fún àwọn àlejò.

Nígbà tí Garifalia fi máa wọlé, wọ́n ti ń fi ìka nu ṣúgà tó kù lára tíréè lá.

"Màmá, ẹ kú iṣẹ́ o," Argiro ń rẹ́rìn-ín. "Wọ́n ní àwọn ò jẹ irú ẹ̀ rí. Mo mọ̀ pé ìbínú yín á rọ̀ lọ́jọ́ kan ṣá."

"Ṣé ìwọ náà jẹ ńbẹ̀?"

"Mo tọ́ ọ wò."

"O ò wá ní kí Ọlọ́run forí jì í?"

"Forí ji ta ni?"

Garifalia la àtẹ́lẹwọ́. Argiro rí álímọ́ńdì, ẹ̀rín kú mọ́ ọn lẹ́nu.

"Màmá, ẹ dákun. Ẹ jẹ́ ká se òmíràn. Àlùfáà á dúró dè wá."

Garifalia ò jà. Ì bá sàn kó jà. Ó jókòó ti tíréè òfìfo, ó ń to orúkọ ọmọ rẹ̀ sórí irin lásán.

"Ọdún mẹ́ta ni mo fi ń pa ọmọ mi nínú ọkàn mi," ó ní. "Òní ni mo tó pa á tán. Mi ò lè pa á lẹ́ẹ̀kejì."

Àlejò kan na ọwọ́, ó mú álímọ́ńdì kan láàárín orúkọ náà, ó jù ú sẹ́nu. Kò sẹ́ni tó dí i lọ́wọ́.