Oyè Àwọn Àgbà Mẹ́sàn-án

Ohun tó kọ́kọ́ bí mi nínú lára Mukhtar ni pé kò lọ sí yunifásítì. Ọdún mẹ́rin gbáko ni mo fi kọ́ ìmọ̀ kọ̀ǹpútà. Òun, orí fóònù tí gíláàsì rẹ̀ ti fọ́ ló ti kọ́ tirẹ̀, ní ṣọ́ọ̀bù bàbá rẹ̀ tó ń ránṣọ ní àárín Òṣogbo. Síbẹ̀, bí oníbàárà bá wọ ọ́fíìsì wa lọ́nà Àbẹ̀rẹ̀, Mukhtar ni wọ́n máa ń béèrè. Bí ọ̀gá wa, Alájà Ràṣídátù, bá ń rẹ́rìn-ín, Mukhtar ló wà nítòsí.

Iṣẹ́ wa ni ká máa kọ ìkànnì fún àwọn tó fẹ́ kí ayé rí wọn lórí íńtánẹ́ẹ̀tì: ilé-ìwé, ṣọ́ọ̀ṣì, àwọn tó ń ta búlọ́ọ̀kù. Èmi ní tèmi, mo fẹ́ràn ohun tó bá ní ojútùú. Kóòdù sì ní òfin tirẹ̀ tí gbogbo ayé fọwọ́ sí. Àwòrán gbọ́dọ̀ ní ọ̀rọ̀ tó ń ṣàlàyé rẹ̀ fún ẹni tí kò lè rí i. Àpótí tí èèyàn máa kọ nǹkan sí gbọ́dọ̀ ní orúkọ. Ibì kan wà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì tí a máa ń fi kóòdù ránṣẹ́ sí, tí yóò ka iye àṣìṣe inú rẹ̀ fún wa. Bó bá sọ pé àṣìṣe kankan kò sí nínú tèmi, inú mi a dùn bí ẹni tó pa ọ̀rẹ́ rẹ̀ láyò. Mukhtar kì í yọ ara rẹ̀ lẹ́nu débẹ̀. Ó máa ń ní kó kọ́kọ́ ṣiṣẹ́ ná.

Lóṣù tó kọjá, ẹgbẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àtijọ́ ilé-ìwé kan n'Íléṣà fẹ́ ìkànnì tí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ á ti máa forúkọ sílẹ̀. Alájà ní kí àwa méjèèjì ṣe tiwa lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, kí akọ̀wé ẹgbẹ́ náà mú èyí tó bá tẹ́ ẹ lọ́rùn. Akọ̀wé ọ̀hún, Màmá Ògúnṣẹ̀yẹ, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì ni, ojú rẹ̀ kò sì ríran mọ́. Fóònù ló ń bá a kàwé sókè. Alájà fi kún un pé ẹni tí wọ́n bá mú iṣẹ́ rẹ̀ ni yóò lọ máa darí ọ́fíìsì tuntun tí òun fẹ́ ṣí n'Íléṣà.

Iléṣà ni wọ́n bí mi. Ìyá mi ṣì wà níbẹ̀, ó ń kọrin nínú ẹgbẹ́ akọrin Mẹ́tọ́díìsì. Kí ni Mukhtar fẹ́ lọ ṣe n'Íléṣà? Láti ọjọ́ náà ni oúnjẹ ò ti dùn lẹ́nu mi bí a bá jọ jókòó. Bó bá ń tẹ kọ̀ǹpútà, etí mi á wà lọ́dọ̀ rẹ̀. Bó bá dákẹ́, màá ní ó ti rí nǹkan tí èmi ò rí.

Mo gbé fọ́tò àwọn àgbà mẹ́sàn-án tó dá ẹgbẹ́ náà sílẹ̀ sí òkè ojú-ewé mi. Nínú kóòdù, mo kọ ọ̀rọ̀ tí fóònù á máa kà bó bá kan fọ́tò kọ̀ọ̀kan. A kì í pe àgbà lórúkọ ṣákálá nílùú wa, nítorí náà mo to oyè wọn pé pérépéré: olóyè, alàgbà, ẹnjiníà, bàbá ìjọ, ààrẹ àná, ọ̀gá ilé-ìwé tó ti fẹ̀yìn tì. Mo pe ìyá mi lórí fóònù, ó sọ àwọn tí mo gbàgbé fún mi.

Ní Túsìdé, Mukhtar yọjú wo iṣẹ́ mi.

"Jùwọ́n, ṣé àwọn oyè yìí ò ti pọ̀ jù? Màmá máa gbọ́ gbogbo ẹ̀ kó tó dé ìsàlẹ̀."

"Ṣé ìwọ lè pe bàbá bàbá ẹ lórúkọ lásán?"

Ó rẹ́rìn-ín, ó padà sídìí iṣẹ́ rẹ̀. Mo sọ nínú ara mi pé owú ló ń jẹ ẹ́.

Lọ́jọ́ kejì, nígbà tó lọ kírun ọ̀sán, mo fi kóòdù rẹ̀ ránṣẹ́ síbi àyẹ̀wò. Àṣìṣe mọ́kànlá. Inú mi dùn débi pé mo tún un kà. Èyí tó burú jù wà ní àpótí kẹta nínú fọ́ọ̀mù rẹ̀, níbi tí èèyàn á kọ ọdún tó jáde nílé-ìwé sí. Ọ̀rọ̀ náà hàn lójú, ṣùgbọ́n Mukhtar kò so ó mọ́ àpótí rẹ̀ nínú kóòdù. Ẹni tó ń ríran kò ní fura. Ẹni tí kò ríran kò ní mọ ohun tó yẹ kó kọ. Ìlà kan péré ló máa tún un ṣe.

Nígbà tí Mukhtar dé, ó ní kí n wá jẹ nínú ẹ̀wà òun. Mo ní mo ti yó. Mi ò sọ nǹkan mìíràn.

Ní Tọ́sìdé, a wọkọ̀ lọ sí Iléṣà. Màmá fi Ìjẹ̀ṣà bi mí pé ọmọ ilé wo ni mí, mo fi Ìjẹ̀ṣà dá a lóhùn, ó sì di ọwọ́ mi mú. Mukhtar jókòó jẹ́ẹ́ bí àlejò. Ọkàn mi balẹ̀. Màmá ní ká bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú tèmi.

Fóònù fi ohùn imú rẹ̀ ka àgbà àkọ́kọ́ pẹ̀lú oyè mẹ́fà. Màmá rẹ́rìn-ín, ó ní, "Bàbá wa nìyẹn." Ó ka ìkejì, Màmá mi orí. Nígbà tó dé ẹ̀kẹrin, ẹ̀rín ti lọ lẹ́nu rẹ̀. Ní ẹ̀kẹfà, ó gbé fóònù náà lé itan, fóònù sì ń sọ̀rọ̀ lọ síbẹ̀. Oyè tí mo fọwọ́ ara mi kọ wá ń dún létí mi bí èébú.

"Ọmọ mi," Màmá ní, "mo ti kí wọn tán. Níbo ni mo ti máa forúkọ sílẹ̀?"

Mo ní ó wà nísàlẹ̀, ó ku àgbà mẹ́ta.

Ó ní ká gbé ti Mukhtar wá. Fóònù pe orúkọ ẹgbẹ́, ó sì kan fọ́ọ̀mù lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ó béèrè orúkọ, Màmá kọ ọ́. Ó béèrè nọ́ńbà fóònù, Màmá kọ ọ́. Ó wá kan àpótí kẹta, ó ní, "Kọ ọ̀rọ̀ síbí." Màmá tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan sí i. "Kọ ọ̀rọ̀ síbí."

"Ọ̀rọ̀ wo?"

Mukhtar bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ wò ó. Lójú tirẹ̀, ọ̀rọ̀ náà wà níbẹ̀ gbangba, kò mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Èmi mọ̀ ọ́n. Bí mo bá dákẹ́, a jọ kùnà nìyẹn, bí a bá sì jọ kùnà, ọmọ ìlú ni wọ́n máa mú.

"Ṣebí ojú kan náà lẹ̀yin méjèèjì ń jókòó sí," Màmá ní. "Ẹ kì í yẹ iṣẹ́ ara yín wò ni?"

"À ń yẹ̀ ẹ́ wò, Mà," Mukhtar dáhùn, kò tilẹ̀ gbójú sókè. "Jùwọ́n mọ òfin kóòdù jù mí lọ. Tó bá rí àṣìṣe níbẹ̀, á ti sọ fún mi."

Ó dà bíi pé ẹnì kan gbá mi létí.

"Ọdún tí ẹ jáde nílé-ìwé ló ń béèrè, Mà," mo ní. "Kò so ọ̀rọ̀ náà mọ́ àpótí ni."

Mukhtar yíjú sí mi. "Ìgbà wo lo rí i?"

"Àná. Nígbà tó o lọ kírun."

Ó ṣí kọ̀ǹpútà rẹ̀, ó kọ ìlà kan yẹn, ó ní kí Màmá tún gbìyànjú. Fóònù béèrè ọdún, Màmá kọ 1971, ó tẹ bọ́tìnnì, ó parí. Ó ní ká sọ fún Alájà pé èyí ni òun mú. Ó ní kí Mukhtar ṣe ojú-ewé kan lọ́tọ̀ fún fọ́tò àwọn àgbà, kí èmi sì kó gbogbo oyè wọn síbẹ̀, pé wọ́n pé, òun ò rí àléébù kankan.

Nínú ọkọ̀, Mukhtar kọjú sí fèrèsé. Nígbà tí a fẹ́ẹ̀ wọ Òṣogbo, ó yọ ìwé àti bírò.

"Mélòó ló kù?"

"Mẹ́wàá."

"Kà wọ́n."

Mo ṣí fóònù mi, mo ń kà, ó ń kọ. Mẹ́rin nínú wọn kò lè dí ẹnikẹ́ni lọ́wọ́, mo sì sọ bẹ́ẹ̀ fún un, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó dùn mí láti sọ ọ́. Ṣe ló dà bíi pé mò ń bá a to búlọ́ọ̀kù ọ́fíìsì Iléṣà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. A dé orí ìkẹrin nígbà tí Alájà pè é. Ó wo fóònù náà, ó nà án sí mi.

Alájà béèrè ẹni tí Màmá mú. Mukhtar ń wò mí, bírò rẹ̀ ṣì wà lórí ìwé.

"Mukhtar ni, Mà," mo ní.

Mo dá fóònù rẹ̀ padà fún un, mo sì ka ìkarùn-ún.