Rẹfirí Tó Fi Ọkọ̀ Òkú Sá Lọ

Nígbà tí Lemuel Gadsden wà lọ́dọ̀ọ́, ó rò pé torí kí òun lè máa fi ọ̀pá gbá bọ́ọ̀lù, eré tí àwọn ará Amẹ́ríkà ń pè ní baseball, ni Ọlọ́run ṣe dá òun. Ó lọ bá ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù àwọn aláwọ̀ dúdú ìlú Macon ní ilẹ̀ Georgia, wọ́n fún un ní ọ̀pá, wọ́n ju bọ́ọ̀lù sí i, ó sì na afẹ́fẹ́ títí afẹ́fẹ́ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ máa bẹ̀ ẹ́. Wọ́n ní kó wá máa ju bọ́ọ̀lù; èyí tó kọ́kọ́ jù ba akọ́nimọ̀ọ́gbá níkùn. Wọ́n ní kó wá máa hán an. Ìka rẹ̀ wọ́, kò sì tíì nà títí dòní. Ni akọ́nimọ̀ọ́gbá bá di ikùn mú, ó ní, "Gadsden, ohùn rẹ ròkè, ara rẹ sì le. Lọ máa ṣe rẹfirí. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n ṣe ló máa ń mọ ẹjọ́ ẹni tó ń ṣe é dá."

Lemuel fúnra rẹ̀ ló máa ń sọ ìtàn yìí kiri, á sì rẹ́rìn-ín títí omi á fi bọ́ lójú rẹ̀.

Láàárín ọ̀sẹ̀, ọkọ̀ òkú ló ń wà fún Ọ̀gbẹ́ni Fambro, tó ń bá àwọn aláwọ̀ dúdú ìlú náà sin òkú wọn. Aṣọ dúdú tó fi ń gbé òkú ló fi ń ṣe rẹfirí. Bó bá ti yọ sí pápá báyìí, àwọn agbábọ́ọ̀lù á pariwo, "Ẹ káàbọ̀ o, Bọ̀dá Lemuel! Ta lẹ wá wọn pósí rẹ̀ lónìí?"

Òun náà á ní, "Ẹ fi mí sílẹ̀ jàre. Àwọn oníbàárà mi ọjọ́ Ajé kì í bá mi jiyàn."

Láyé ìgbà yẹn, àwọn òyìnbó ò gbà kí dúdú bá wọn gbá bọ́ọ̀lù pọ̀. Àwọn dúdú dá líìgì tiwọn sílẹ̀, wọ́n ní bọ́ọ̀sì tiwọn, wọ́n ní akọni tiwọn. Síbẹ̀, tí eré ńlá bá dé, òyìnbó ni àwọn tó ni ẹgbẹ́ máa ń bẹ̀ wá láti ṣe rẹfirí nídìí ilé, ìyẹn ibi tí agbábọ́ọ̀lù ti ń gbéra, tó sì gbọ́dọ̀ sáré yí pápá po padà sí. Wọ́n ní tó bá jẹ́ dúdú ni, àwọn agbábọ́ọ̀lù ò ní bẹ̀rù rẹ̀. Lemuel á wà lọ́ọ̀ọ́kán, bí ẹni tí wọ́n ní kó máa ṣọ́ koríko.

Ó wá di ọjọ́ Ìsinmi kan tí Macon fẹ́ bá Mobile gbá a. Ẹgbẹ́ tó bá yege ló máa lọ gba ife. Òyìnbó tí wọ́n ń retí kò yọjú. Wọ́n ní ó ti lọ pẹja. Ẹni tó ni ẹgbẹ́ Macon wo ọ̀tún, ó wo òsì, Lemuel nìkan ló rí.

"Gadsden, ìwọ ló kù," ló wí, bí ẹni tó ń ka ìwé gbèsè sí èèyàn létí.

Inú Lemuel dùn débi pé ó nu bàtà rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Kò rántí pé ẹni tí wọ́n bá gbé gun orí igi ni gbogbo ayé máa ń rí ìdí rẹ̀.

Gbogbo ìlú ti ṣọ́ọ̀ṣì gba pápá lọ. Ozella, ìyàwó rẹ̀, jókòó níwájú pátápátá, ó dé fìlà oníìyẹ́ ẹyẹ tó fi sin Ọlọ́run láàárọ̀, agbọ̀n adìyẹ díndín wà lórí itan rẹ̀. Obìnrin yìí fẹ́ràn Roscoe Battle, ẹni tó yá ẹsẹ̀ jù nínú ẹgbẹ́ Macon, tí wọ́n ń pè ní Mànàmáná. Lálaalẹ́ Ọjọ́rú ló máa ń dárúkọ orúnkún Roscoe nínú àdúrà, nítorí orúnkún náà ń dùn ún. Kò dárúkọ orúnkún ọkọ rẹ̀ rí.

Eré náà gbóná. Ó wá ku ẹyọ ẹnì kan tí Mobile máa mú jáde, ìyẹn kí wọ́n fi bọ́ọ̀lù kàn án kó tó délé, kí eré parí, Macon sì ń wá ẹyọ àmì kan kí ọwọ́ wọn lè bá ti Mobile. Roscoe dìde. Ó gbá bọ́ọ̀lù, bọ́ọ̀lù fò lọ bá ọgbà. Roscoe ki eré mọ́lẹ̀. Dípò kó dúró níbi tí ọlọ́gbọ́n ti ń dúró, ó ní ilé ni òun ń lọ. Bọ́ọ̀lù ń bọ̀ lókè, Roscoe ń bọ̀ nílẹ̀, eruku sọ.

Nínú eruku yẹn, Lemuel rí i kedere: ọkùnrin Mobile gíga tó ń ṣọ́ ilé hán bọ́ọ̀lù náà, ó sì fi kan itan Roscoe kí ẹsẹ̀ rẹ̀ tó débẹ̀. Ọkàn Lemuel sọ fún un pé, "Gadsden, fara balẹ̀. Ìlú rẹ nìyí. Ìyàwó rẹ nìyẹn. Adìyẹ rẹ ló wà nínú agbọ̀n yẹn." Àmọ́ kí ọkàn tó sọ̀rọ̀ tán, ẹnu ti lọ.

"Ó jáde!"

Lẹ́yìn náà, àwọn kan ń pè é ní akíkanjú. Ó ní irọ́ ni wọ́n ń pa, pé látìgbà tí wọ́n ti bí òun, ẹnu òun ò bi òun léèrè rí kó tó sọ̀rọ̀.

Ohùn tó kọ́kọ́ ta sókè, ti Ozella ni. "Irọ́ ni! Ọ̀gbẹ́ni Gadsden, irọ́ lẹ pa!"

Roscoe fò dìde. "Bọ̀dá Lemuel, mo ti wọlé! Ẹ wo eruku ilé lára bàtà mi!"

"Eruku gbogbo pápá ló wà lára bàtà rẹ, Roscoe. Bọ́ọ̀lù ló wà lára itan rẹ."

Ezell Tukes, onígbàjámọ̀ tó ń gẹ irun fún Lemuel, ti fo ọgbà wọlé. "Lemuel! Ọmọ ẹni kì í ṣèdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀ ká fi ìlẹ̀kẹ̀ sídìí ọmọ ẹlòmíràn!"

"Ezell, a ò wo ìdí níbí, ẹsẹ̀ là ń wò!"

Ìgò àkọ́kọ́ kọjá létí rẹ̀ fìì. Lemuel ò dúró de èkejì. Ó sá débi pé ká ní ó sáré bẹ́ẹ̀ lọ́dọ̀ọ́, wọn ì bá gbà á sínú ẹgbẹ́. Ọkọ̀ òkú Ọ̀gbẹ́ni Fambro ló gbé wá sí pápá lọ́jọ́ náà, nítorí táyà ọkọ̀ tirẹ̀ ti jò. Ó bẹ́ sínú rẹ̀, ó sì tẹná mọ́ ọn.

Àwọn èèyàn bọ́ sínú ọkọ̀ tiwọn, wọ́n gbá tọ̀ ọ́. Eruku pọ̀, gbogbo wọn tanná ọkọ̀ lọ́sàn-án gangan. Bí wọ́n ṣe bọ́ sí títì ńlá, Lemuel rí àwọn òyìnbó níwájú ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ń ṣí fìlà. Kò kọ́kọ́ yé e. Àfi bó ṣe rí ọlọ́pàá òyìnbó kan lórí alùpùpù. Ọlọ́pàá náà wo ọkọ̀ òkú, ó wo ọ̀wọ́ ọkọ̀ tó tẹ̀ lé e, ó wo àwọn dúdú nínú aṣọ Ìsinmi, ó wo Ozella tó ń sunkún kíkorò nínú ọkọ̀ Ezell nítorí eré tó bọ́ lọ́wọ́ wọn. Ó ṣí fìlà rẹ̀. Ó dá gbogbo ọkọ̀ yòókù dúró, ó sì bọ́ síwájú wọn, ó ń ṣamọ̀nà.

Láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí Lemuel ní Macon, ọlọ́pàá òyìnbó kankan ò ṣí fìlà fún un rí. Ó mọ̀ pé òkú ni wọ́n ń kí. Ó ju ìbòjú àti ìgbàyà tí rẹfirí fi ń gba bọ́ọ̀lù sára sẹ́yìn, síbi tí pósí máa ń wà, ó fa ojú ro, ó ń wa ọkọ̀ náà jẹ́jẹ́. Lẹ́yìn rẹ̀, Ezell tó ti ń bú u látòkèèrè pa ẹnu mọ́, Roscoe sì tẹ̀ mọ́lẹ̀ nínú ọkọ̀ kí wọ́n má rí aṣọ eré lára rẹ̀. Ta ló fẹ́ ṣàlàyé fún ọlọ́pàá òyìnbó pé kò sí òkú kankan, pé rẹfirí làwọn fẹ́ lù?

Ọlọ́pàá mú wọn dé ẹnu ọ̀nà itẹ́ òkú àwọn aláwọ̀ dúdú. Ó yíjú sí Lemuel. "Ìwọ, ta ló kú?"

Ẹnu Lemuel tún yá jù ú lọ. "Ìrètí ni, sà. Ìrètí Macon. Ikú òjijì ni, sà. Ó kù díẹ̀ kó délé ló kú."

"Ó mà ṣe o," ni ọlọ́pàá wí. Ó dé fìlà rẹ̀, ó lọ.

Ezell gbọ́ ọ. Ó bu ètè jẹ, ó yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ṣùgbọ́n ẹ̀rín já gbà lẹ́nu rẹ̀, ó sì jókòó sórí ibojì bàbá rẹ̀, ó ń fọwọ́ lu itan. "Ó kù díẹ̀ kó délé! Lemuel, Ọlọ́run á bi ọ́!" Bí ẹ̀rín ṣe ran gbogbo wọn nìyẹn. Àwọn kan tó wá torí àtilù ú ní kí àwọn kúkú tu koríko lórí ibojì ìyá àwọn kí àwọn tó máa lọ. Roscoe àti Ozella nìkan ni kò rẹ́rìn-ín; Ozella ti gba ilé lọ ní tirẹ̀. Roscoe ń rìn kiri láàárín àwọn òkú, ó ń sọ fún wọn lọ́kọ̀ọ̀kan pé, "Mo wọlé o. Mo wọlé."

Nígbà tí Lemuel délé, ilẹ̀kùn ti tì.

"Ta nìyẹn?" ni Ozella bi í láti inú ilé.

"Èmi ni."

"Èmi ta? Rẹfirí Mobile?"

"Ozella, kí lojú tìẹ rí? Ṣé ó wọlé?"

"Kò wọlé. Mo rí i kí ẹ tó lanu. Ṣùgbọ́n ṣé ẹnu yín nìkan ló wà láyé ni? Ẹ ò bá wúkọ́! Gbogbo àdúrà tí mo gbà sórí orúnkún ọmọ yẹn!"

"Àdúrà ẹ gbà. Orúnkún ò ṣe nǹkan kan. Itan ni wọ́n ti kàn án."

Lemuel gbọ́ tí nǹkan kan bọ́ lọ́wọ́ ìyàwó rẹ̀ nínú ilé. Ilẹ̀kùn ṣí, Ozella ń fi aṣọ bo ẹnu kí aládùúgbò má gbọ́ ẹ̀rín rẹ̀. Ọrùn adìyẹ nìkan ló ṣẹ́ kù sílẹ̀ fún un. Lemuel fi ìyókù búrẹ́dì àgbàdo jẹ ẹ́, ó ní kò sí ibi tó dùn tó ọrùn.

Ní ọjọ́ Ajé, Ọ̀gbẹ́ni Fambro jágbe mọ́ ọn nítorí gíláàsì ọkọ̀ tí ìgò àwọn èrò sán, ó sì tún rọra bi í pé òkú ta ni wọ́n gbé lánàá, torí gbogbo ìlú ló ń yin ìsìnkú náà. Nígbà tí eré ńlá mìíràn dé, ẹni tó ni ẹgbẹ́ ò wá òyìnbó mọ́. Ó ní òun ò tíì rí òyìnbó rẹfirí tí ọlọ́pàá ṣíwájú fún rí. Lemuel jáde sí pápá, wọ́n hó lé e lórí láti ìpẹ̀kun dé ìpẹ̀kun. Ó tẹrí ba fún wọn díẹ̀, ó fi burọ́ṣì gbá eruku kúrò lójú ilé, ó sì ní kí wọ́n ju bọ́ọ̀lù.