Ohùn Màmá Wà Nínú Fódà Òde

Inú tètè máa ń bí mi, kò sẹ́ni tí ò mọ̀. Kọ̀ǹpútà ló fà á lọ́jọ́ yìí. Kí dókítà tó ṣiṣẹ́ abẹ tó gba ohùn lọ́fun màmá wa, ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ti gba ohùn wọn sílẹ̀, ó sì fi Páítọ́nì, èdè tí wọ́n fi ń pàṣẹ fún kọ̀ǹpútà, kọ ètò kan: màmá á tẹ àwòrán, ohùn wọn á jáde. Ẹ̀gbọ́n mi ti lọ sọ́run báyìí. Kọ̀ǹpútà tí ètò náà wà nínú ẹ̀ bá tún kú. Láti ìgbà náà, màmá ò lè bá wa sọ̀rọ̀ mọ́.

Mo kó fódà kan tó ń jẹ́ "Ẹnu" látinú dísìkì kọ̀ǹpútà tó kú náà sínú kọ̀ǹpútà tuntun, mo ṣí i nínú ẹ́dítọ̀ tí a fi ń kọ ètò. Ìlà pupa, ìyẹn ni pé àṣìṣe wà! Abẹ́ ibi tí ẹ̀gbọ́n mi ti fi àmì ìdánudúró méjì síwájú orúkọ fáìlì kan ló fà sí. Mo pa ọ̀kan rẹ́, pupa. Mo pa èkejì, pupa.

"Olóríkunkun! Ojú ẹ fọ́ ni?" Mo jágbe mọ́ kọ̀ǹpútà.

Màmá ń wò mí láti orí àga. Wọ́n kàn mirí.

Òjò bẹ̀rẹ̀. Mo dá àwọn àmì náà padà, mo gbórí lé tábìlì, oorun gbé mi lọ.

Mo bá ara mi nínú yàrá kan tí ògiri rẹ̀ jẹ́ kìkì lẹ́tà, tí wọ́n ń mí wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́. Ẹ̀gbọ́n mi dúró lẹ́nu ọ̀nà, bàtà ilé lẹ́sẹ̀.

"Ibo lo dúró sí?"

"Inú yàrá ni, ẹ̀gbọ́n mi."

"Ibi tí fáìlì bá wà ni ẹ́dítọ̀ ti ń bẹ̀rẹ̀ sí í wá nǹkan. Àmì kan, inú yàrá yìí náà ni. Méjì, jáde sí pálọ̀."

Mo ṣílẹ̀kùn. Kò sí pálọ̀. Kùrukùru funfun ló wà níta, ó lọ títí.

Ó rẹ́rìn-ín. "Yàrá lo gbé, o fi ilé sílẹ̀. Ṣebí ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde?"

Mo ta jí. Mo yẹ dísìkì wò: inú fódà ńlá kan ni "Ẹnu" wà, fáìlì tí ètò náà ń pè sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. Mo kó gbogbo ẹ̀ wá. Ìlà pupa pòórá, bẹ́ẹ̀ mi ò fọwọ́ kan lẹ́tà kankan. Mo dúró sí fódà ńlá náà, fódà òde, mo ní kí ètò náà ṣiṣẹ́ láti ibẹ̀.

Màmá sún mọ́ kọ̀ǹpútà. Wọ́n tẹ àwòrán mi, wọ́n tẹ àwo oúnjẹ.

"Àbíkẹ́yìn mi, ṣé o ti jẹun?"

Ohùn wọn gan-an! Omi bọ́ lójú mi. Lẹ́yìn ọ̀rọ̀ náà, ẹnì kan rẹ́rìn-ín kékeré. Ẹ̀gbọ́n mi ni. Kò gé ẹ̀rín ara ẹ̀ kúrò nígbà tó ń gba ohùn sílẹ̀.

Màmá wò mí. Wọ́n tún tẹ̀ ẹ́.

"Àbíkẹ́yìn mi, ṣé o ti jẹun?"

Mi ò dáhùn, kí wọ́n lè tún tẹ̀ ẹ́.