Pọ̀nmọ́ àti Pákó Tútù

Pọ̀nmọ́ ni ẹni tó ta ẹ̀rọ ìlagi tòkunbọ̀ fún Múdàṣírù fi dán an wò lójú wa, ní ṣọ́ọ̀bù wa l'Ókóta. Ó tì í sí bíléèdì tó ń yí. Gbàù! Bíréèkì mú un, bíléèdì dúró. Ojú ọgbẹ́ tó wà lára pọ̀nmọ́ kò ju ìlà èékánná lọ. Èmi Bíọ́dún, ọ̀gá tó kọ́ Múdàṣírù níṣẹ́, mo jó.

Àṣé omi ara ni ẹ̀rọ náà fi ń dá ẹran mọ̀. Bí pákó bá tutù, ó máa rò pé ọwọ́ èèyàn ni. Lóṣù kẹfà, pákó tútù kan dá a dúró, bíréèkì àti bíléèdì bàjẹ́ pọ̀, ọ̀sẹ̀ mẹ́rin la fi wá òmíràn. Látìgbà náà ni mo ti kọ́ Múdàṣírù pé bí òjò bá pa pákó, kó yí kọ́kọ́rọ́ kékeré ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rọ, èyí tó ń pa bíréèkì.

Salimat, ẹ̀gbọ́n rẹ̀, kú ní Jákàńdè láàárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Wọ́n fẹ́ sin ín lẹ́yìn ìrun àìlà, pákó tí wọn yóò tò lé e lórí nínú sàréè sì gbọ́dọ̀ ti délẹ̀. Múdàṣírù ní òun fúnra òun ni yóò gé e.

"Ọ̀gá mi, pákó yìí tutù o. Ẹ jẹ́ ká wá èyí tó gbẹ."

"Níbo? No time! Yí kọ́kọ́rọ́, jàre. Gbogbo ìgbà tó o ti ń yí i, ṣó pa ẹ́ ni?"

Ó yí i, tòun tomijé. Pákó mẹ́rin jáde wẹ́rẹ́. Ìkarùn-ún fún mọ́ bíléèdì, ó ta padà, ó fa ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ wọlé. Ẹ̀rọ ò dúró. Àwa la ní kó má dúró.

Ìka mẹ́ta. Dókítà ní kò ṣeé rán mọ́. Ẹ̀pa ò bóró mọ́. Ááfà ní ohun tó bá já lára èèyàn, sísin là ń sin ín, wọ́n bá wé e láṣọ funfun, wọ́n sin ín sẹ́gbẹ̀ẹ́ Salimat. Èmi ni mo gé pákó tó kù.

Múdàṣírù ò bá mi jà. Ìyẹn gan-an ló ń pa mí. Ó kàn jókòó sẹ́nu ọ̀nà ilé rẹ̀, ó ń fọwọ́ òsì wá ihò bọ́tìnnì.

Lánàá, mo ra pọ̀nmọ́. Mo yí kọ́kọ́rọ́ padà, mo tan ẹ̀rọ. Mò ń bẹ Ọlọ́run pé kí bíréèkì náà ti bàjẹ́ tipẹ́, kí n lè rí nǹkan mìíràn dá lẹ́bi. Mo ti pọ̀nmọ́ sí bíléèdì.

Gbàù. Ó dúró.